Bí ẹ ṣe lè kó ẹbí lọ sí Kàbà ní Kérésì yìí láì pàdánù Super Eagles

Kérésì ọdún 2025 yìí yàtọ̀, nítorí ife ẹ̀yẹ Áfíríkà bọ́ sáàárín rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò, ó di ọjọ́ 18 oṣù Kínní kí wọ́n tó parí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ àti ẹrù wá sílé ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn agbègbè Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogi, kó má tíì bá awakọ̀ dúnàádúrà o. Kó kọ́kọ́ kọ ọjọ́ mẹ́ta yìí sára ògiri: ọjọ́ 23, Tanzania, nírọ̀lẹ́, ọjọ́ 27, Tunisia, lálẹ́, ọjọ́ 30, Uganda, nírọ̀lẹ́. Ìlú Fez ni Nàìjíríà ti máa gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn, ọmọ Kàbà sì ni ọkọ mi. Èmi àti àkọ́bí wa, Arsenal la wà. Man United ni ọkọ mi. Àbíkẹ́yìn wa ń ṣe Liverpool nítorí Salah. Bàbá ọkọ mi kò bá wa dá sí ìkankan nínú ìyẹn. Segun Odegbami ni tirẹ̀, àti góòlù méjì tó gbá wọlé Algeria lọ́dún 1980, tí a fi gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Tí Super Eagles bá ti wọ pápá, gbogbo wa di ẹgbẹ́ kan. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tó ń mú ọmọ tó dàgbà sí Ìbàdàn jókòó ti bàbá àgbà fún wákàtí méjì, tí fóònù á sì wà nílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń to ìrìn-àjò wa yí bọ́ọ̀lù ká nìyẹn.

Ẹ gbéra lọ́jọ́ 22. Ẹni tó bá gbéra lọ́jọ́ 23 á fẹ́ máa sáré kó lè bá bọ́ọ̀lù, ọyẹ́ á sì ti bo ojú ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà Ìlọrin là ń gbà, ká gba Òmù-Àrán já sí Ẹ̀gbẹ̀, ká wá gba Ìsánlú àti Mopa dé Kàbà. Àmọ́ lóṣù Kọkànlá yìí, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku, ìlú kan lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Ọlọ́run ṣe é, àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé, ṣùgbọ́n èmi ò ní kó ọmọ gba ibẹ̀ lọ́dún yìí. Ifẹ̀, Iléṣà, Adó-Èkìtì, Ìkọ̀lé, Òmùò, Iyamoye, títí dé Kàbà, ọ̀nà tí a máa gbà nìyẹn. Kò sí ọ̀nà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún nísinsìnyí. Ẹ pe ẹni tó ń gbé ilé ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an kí ẹ tó jáde, ẹ bi í léèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì ti wà nílé kí oòrùn tó wọ̀. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tí ilẹ̀ sì ń ṣú, ẹ wọ ìlú tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ sùn síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ rìn lóru.

Nínú àpò oògùn, ẹ kó parasitamọ́ọ̀lù àwọn ọmọ, ORS (oògùn tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru), ìpara fún ètè àti ẹsẹ̀, àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá, nígbà tí Kóńgò (DR Congo) fi pẹnáritì lé wa dànù nínú ìdíje tí a fi ń wá àyè sí ife àgbáyé, mo mọ àgbàlagbà tí orí fọ́ mọ́jú. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àti màmá, kí ẹ sì rí i pé wọ́n ti lo oògùn wọn. Ẹ má bi wọ́n lásán bóyá wọ́n ti lò ó, ẹ wo inú páálí rẹ̀.

Tí ẹ bá délé, iná ni àkọ́kọ́. Ẹ má gbọ́kàn lé NEPA. Ẹ ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, nítorí tó bá ku wákàtí kan kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń wá epo. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé tàbí lábẹ́ fèrèsé o; èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé. Ẹ san owó dẹ̀kódà, ẹ má fi fóònù wò ó. Ti fóònù máa ń pẹ́ dé: aládùúgbò á ti pariwo góòlù, Osimhen ṣì ń sáré bọ̀ ní àárín pápá lójú tiyín.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ iyán. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọdún tí a ń lò nílé. Àwọn ọkùnrin á wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, àwọn obìnrin á wà nídìí odó, ariwo góòlù nìkan ni wọ́n ń gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Èmi náà fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ìyá ọkọ mi náà fẹ́ wò ó, ó sì mọ ọfusáìdì ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 27 ló máa le jù: Arsenal àti Brighton nírọ̀lẹ́, Nàìjíríà àti Tunisia lálẹ́. Àárín méjèèjì ni ká gún iyán, kí àwọn ọmọkùnrin mú ọmọ odó. Kí ẹ ti ṣe ọbẹ̀ ẹ̀gúsí láàárọ̀. Kí wọ́n tó kọ orin orílẹ̀-èdè, kí abọ́ ti di fífọ̀, kí kálukú sì ti jókòó. Nítorí pé alẹ́ ni, ilé ni ká ti wò ó. Kí ọmọ kankan má lọ sí ilé ìwobọ́ọ̀lù ní ìgboro.

Tí ẹ bá wá jókòó, ẹ jẹ́ kí àríyànjiyàn wà. Tèmi rèé. Ohun tó pa wá lọ́wọ́ Kóńgò ni pé a kò ní ẹni tó lè rọ́pò Osimhen nígbà tó jáde ní ìlàjì. Bákan náà, agbábọ́ọ̀lù tó ní láti kọ ìgbáradì sílẹ̀ nítorí owó ẹ̀tọ́ rẹ̀, bó ti rí kí wọ́n tó bá Gabon gbá, ẹ ò lè ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo ṣì gbà pé Osimhen àti Lookman tó gbé wa dé ìparí ìdíje yìí. Ní ti England, Fulham ń ṣe mí láàánú, ọmọ wa mẹ́ta ló ń kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Iwobi, Bassey àti Chukwueze. Man United máa pàdánù Mbeumo àti Amad, Liverpool náà ò ní rí Salah. Arsenal kò pàdánù ẹnì kankan sí Mòrókò. Láti 2004 títí dé 2025, wọn ò gba líìgì, wọ́n sì ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Tí wọn ò bá gbà á lọ́dún yìí, mi ò mọ àwáwí tí Arteta, kóòṣì wọn, máa ṣe.

Ọjọ́ 29 kò ní bọ́ọ̀lù tiwa. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Lọ́kọ́ja. Láti Kàbà dé Obajana, ọ̀nà kọnkéré ni, kìlómítà 43. Ẹ gùn Òkè Patti láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n rí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, kí ẹ sì tètè padà.

Ọjọ́ 2 oṣù Kínní ni kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, torí pé láti ọjọ́ 3 ni ìpele tó kàn máa bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ wà lójú ọ̀nà tí a bá yege. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ rí i pé owó dẹ̀kódà Bàbá máa tó títí di ọjọ́ 18, kí ẹ sì fi epo tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún wọn.