Ipò àti gbèsè nínú Vampire: The Masquerade: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Nígbà tí Vampire: The Masquerade, eré tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bí ẹ̀dá ìtàn amùjẹ̀, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1991, ìdí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìwé òfin Mind's Eye Theatre dé ní 1993, ló bá di eré àfẹsẹ̀ṣe: olúkúlùkù wọ aṣọ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, yàrá kan di ààfin àwọn amùjẹ̀. Ipò ni adùn rẹ̀, ta ló ju ta lọ, ta ló jẹ ta ní gbèsè. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ẹni tuntun ti ń yọ̀.

Má rò pé nọ́ńbà tó pọ̀ lórí bébà tí a kọ agbára ẹ̀dá ìtàn rẹ sí ló ń sọ ọ́ di alágbára. Prince ni ọba ìlú, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ló ń fi í ṣe ọba: wọ́n dìde bó ṣe wọlé, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, Sheriff, ọlọ́pàá rẹ̀, wojú rẹ̀ kó tó mú ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo yín bá ń ta ko Prince láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ọlá wo lẹ tún fẹ́ dìtẹ̀ gbà?

Má sá pamọ́ títí eré á fi parí. Ẹni tó ká apá méjèèjì sórí àyà ń sọ pé Obfuscate, agbára ìfarapamọ́, bo òun, a kò rí òun. Ṣùgbọ́n Hospitality, òfin àlejò láàrin àwọn amùjẹ̀, ní kí àlejò fara han Prince. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ ti ń wọ etí ìlú.

Gbèsè oore, tí wọ́n ń pè ní boon, ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ó ní ìwọ̀n: trivial (tó kéré jù), minor (kékeré), major (ńlá), títí dé ti ẹ̀mí. Má ṣoore tán kí o tó dárúkọ ìwọ̀n. O fi ẹnìkan pamọ́ sílé rẹ mọ́jú, o pè é ní major, òun ní minor ni. Bí Harpy, ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, kò bá gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ ṣófo. Ẹ fẹnu kò, kí ẹ jọ lọ sọ fún Harpy, lẹ́yìn náà kí o ṣe oore. Má sì fi major gba nǹkan kékeré. Níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá wà lọ́rùn ẹni tó jẹ ọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ. Tó bá ti san án, ó parí.

Ní ti generation, ìyẹn ìran tí amùjẹ̀ kan jẹ́ láti orí amùjẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà kékeré ló lágbára. Nínú òfin àwọn ọdún 1990, ẹni generation 13 kò lè fi Dominate, agbára ìdarí ọkàn, darí ẹni generation 8. Bí o bá mu ẹ̀jẹ̀ amùjẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní alẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á sọ ọ́ di ẹrú ìfẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni ìdè ẹ̀jẹ̀, nítorí náà má gba ife àkọ́kọ́ ṣeré.

Èyí tó burú jù ni kí a gbàgbé pé ẹ̀dá ìtàn ló kúnlẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe é. Òfin kò gba fífọwọ́ kan ara ẹni. Kí o tó gbé ìran ìdójútì tàbí ìdè ẹ̀jẹ̀ wá, kọ́kọ́ bi onítọ̀hún léèrè níta eré. Bí ojú rẹ̀ bá yí padà láàrin eré, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka sí i, láti bi í bóyá kò sí nǹkan. Tó bá gbé àtàǹpàkò sókè, ẹ máa bá a lọ. Tó bá tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ tàbí tó dorí àtàǹpàkò kodò, ẹ dúró, kí o mú un jáde, kí o fún un lómi, má sì bi í pé kí ló dé títí òun fúnra rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀.