Ẹ Yí I Sódì Kí Ẹ Tó Sanwó: Bí A Ṣe Ń Ra Land Rover Àtijọ́

Télọ̀ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Jagun. Bí wọ́n bá gbé agbádá tí ẹlòmíràn rán wá pé kí n tún un ṣe, n kì í wo iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀. Mo máa ń yí i sódì, kí n wo ojú rírán. Ibẹ̀ ni télọ̀ máa ń fi irọ́ pamọ́ sí. Ó lé ní 30 ọdún tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo lọ ra Land Rover àkọ́kọ́, ní 2021, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ń dán bí dígí ni mo wò. Oṣù méjì péré ni mo fi gbádùn rẹ̀. Ní ọ̀nà oko, pẹ̀lú àpò kajú mẹ́fà lẹ́yìn, mo gbọ́ "gbàù", ìdí ọkọ̀ sì jókòó sílẹ̀. Ibi tí síríìngì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásì, irin abẹ́ tó gbé ọkọ̀ dúró, ló já. Ẹnì kan ti fi páànù lẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. 950,000 náírà ni mo rà á. Àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù fún mi ní 140,000. Ohun tí mo fi ìyókù owó yẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọkọ̀ kejì ni mò ń sọ o. Ẹni tí kò bá ní Corolla tàbí ọkọ̀ mìíràn tó ń jí láàárọ̀, kó má dán an wò. Kí ẹ sì jẹ́wọ́ fún ara yín pé kò wúlò. Èmi purọ́ fún Ìyá Ìbejì pé nítorí oko kajú tí mo ní lọ́nà Ìkòyí-Ilé ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ọlọ́kadà tó ń bá wa kó kajú ti kú ni?" Ọlọ́kadà ò kú. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Land Rover ni ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀; bó bá wọ abúlé, a ó máa sá tẹ̀ lé e nínú eruku. Láti ìgbà náà ló ti wà lọ́kàn mi. Ẹni tó ń ra ohun tó wù ú, tó ń pè é ní ohun tó wúlò, á san owó méjèèjì.

Land Rover nìkan kọ́ ló wà ṣá. Land Cruiser 60, tí wọ́n ṣe láti 1980 dé 1990, lágbára gan-an, ẹ ó sì tètè rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúlò jù. Kò ní pẹ́ tí ẹbí yóò fi sọ ọ́ di ọkọ̀ òde ìgbéyàwó. Suzuki kékeré ayé àtijọ́, SJ410, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà kan, ó dára fún ẹni tí kò sanra. Land Rover ni mo mọ̀, òun náà ni n ó sọ.

Ní 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí mo ń rí jù lágbègbè wa ni Series III, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1971 tí wọ́n parí ní 1985. Ilé iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn náà ń to Land Rover nígbà kan. Ẹ ó dá Series III mọ̀ níwájú: ike ni asẹ́ tó bo redíétọ̀ rẹ̀, iná rẹ̀ sì wà lórí fẹ́ńdà. Ti Series II tó ṣáájú, irin ni asẹ́ náà. Series III kò ní bá yín jà tí ẹ bá ń wọ gíà kìíní àti ìkejì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àfi kí ẹ mọ bí a ṣe ń tẹ kùlọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì.

Bí sitíárìn bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ rántí pé ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, tí gbogbo wa bọ́ sápá ọ̀tún. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ayé ìgbà yẹn, ó sì lè jẹ́ pé àná ni wọ́n gbé e wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má fi wọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ó nílò ẹni tí yóò jókòó lápá òsì, tí yóò máa sọ bóyá tírélà ń bọ̀, onítọ̀hún sì lè sùn lọ.

Ìdí tí Land Rover fi ń tan ènìyàn ju ọkọ̀ mìíràn lọ rèé: alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, kì í dípẹtà bí irin. Ọkọ̀ tó ti lo 45 ọdún lè ní ara tó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ṣásì tó gbé ara yẹn dúró, irin ni, irin tó ṣófo nínú bí àpótí. Omi àti ẹrẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ìpẹtà sì ń jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ síta. Ara ọkọ̀ náà kò ní ohunkóhun tí yóò sọ fún yín nípa egungun rẹ̀.

Torí náà, ẹ wọ aṣọ tí ẹ kò ní káàánú. Ẹ mú àpò tí ẹ ó sùn lé dání, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, òòlù kékeré àti sikurudíráfà. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi òòlù kan ṣásì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì le á máa dún "kán, kán"; ibi tó ti jẹ tán á dún "gbù", bí ìgbà tí a lu páálí. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "gbù", ẹ fi sikurudíráfà gún un. Bí olówó ọkọ̀ bá pariwo pé ẹ fẹ́ ba ọkọ̀ òun jẹ́, ẹ dìde, ẹ gbọn eruku ara yín, ẹ máa lọ sílé. Ẹ má kánjú níbi irin tó dábùú ìdí ọkọ̀ pátápátá, àti níbi gbogbo tí síríìngì ti so mọ́ ṣásì. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde, ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀. Ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó, irin lòun náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni omi máa ń dúró sí. Mo ti rí ọ̀kan ní Ìlọrà tí mo ti ń wo koríko láti ibi ìjókòó awakọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ tún ibẹ̀ kàn dáadáa.

Èmi máa ń mú òòfà lọ, èyí tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e lé fẹ́ńdà: kò gbọdọ̀ lẹ̀. Bó bá lẹ̀, ẹnì kan ti fi páànù onírin rọ́pò ara ọkọ̀. Ẹ wá gbé e lé ṣásì àti ògiri onírin tí mo wí: ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ ṣinṣin. Níbi tí kò bá ti lẹ̀, fílà ló wà níbẹ̀, nǹkan tí àwọn panẹ́lì-bítà fi ń dí ihò. (Kì í ṣe fìlà tí èmi ń rán o. Èmi àti panẹ́lì-bítà mi ti fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wa.) Níbi tí alumíníọ̀mù bá ti fara kan irin, ẹ ó rí nǹkan funfun bíi láfún. Bó bá jẹ́ etí ìlẹ̀kùn ló wà, kò pa ènìyàn. Ẹ fi já owó.

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń gbọ́, òun sì ni èmi kì í dààmú lé jù, torí ó ṣeé pààrọ̀. Ẹ sọ fún olówó ọkọ̀ pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, ẹ bi í pé kí ló dé. Ẹ ṣí ìdérí redíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù: ọ́ìlì kò gbọdọ̀ léfòó lójú omi. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì: bó bá dà bíi mílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀. Kí wọ́n wá tan án. Bí èéfín bá jẹ́ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bó bá dúdú, bẹntiróòlù ló pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kábúrétọ̀ wò. Bó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, ó ń mu omi. Èmi lè gba dúdú, mo lè gba búlúù díẹ̀. Funfun, rárá. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó bá Series III kúkúrú wá jẹ́ lítà 2.25, sílíńdà mẹ́rin. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n ti gbé ti Toyota sínú rẹ̀. Kò burú, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé. Ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀ ńkọ́? Yóò kán. Ẹ wá páálí sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó rí ọ̀pá gíà fúnra rẹ̀, ọ̀pá olórí pupa, àti ti olórí yẹ́lò. Bí ẹ bá tẹ yẹ́lò mọ́lẹ̀, táyà iwájú náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá dúró, tí ẹ fa pupa sẹ́yìn, gíà alágbára nìyẹn, ti ẹrẹ̀ àti òkè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ tún ti pupa síwájú, yẹ́lò yóò fò sókè. Orí yẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ ti dán èyí wò, kì í ṣe orí títì ọlọ́dà. Bó bá ti wọ ẹsẹ̀ mẹ́rin, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò lè yí ju ara wọn lọ mọ́. Orí yẹ̀pẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á tù ú. Orí ọ̀dà, kò ríbi yọ̀ sí, gíà ló ń jìyà rẹ̀. Sitíárìn wúwo, kò sí páwà. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ.

Ìwé ọkọ̀ náà ní ojú rírán. Wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣásì sára irin tó di orí síríìngì iwájú mú, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀ títí ẹ ó fi rí i kà, kí ẹ wá fi wé ti inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má san kọ́bọ̀, àsansílẹ̀ pàápàá, kí nọ́ńbà tó bára mu. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ti ìjọba ni wọ́n tẹ́lẹ̀, gbàǹjo ni wọ́n gbà jáde. Ẹ béèrè ìwé gbàǹjo náà, kí ẹ sì tọpasẹ̀ gbogbo ẹni tó ti rà á láti ìgbà náà. Ti èmi, ọwọ́ mẹ́ta ló ti kọjá. Ẹnì kan ti kú, ọmọ rẹ̀ ló bá a fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ọmọ náà.

Kí ẹ tó wá ọkọ̀, ẹ wá mẹkáníìkì. Ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lára èyí, kò sí ibi tí yóò ki wáyà rẹ̀ bọ̀. Bàbá kan ní Arówómọ́lé, tó ti ń tú Land Rover láti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ni mo gbé lọ sí Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ní oṣù Kẹta 2023. Bàbá pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé wọ́n ti sùn. Ìgbà tí wọ́n jáde, ohun tí wọ́n sọ kò ju "Télọ̀, egungun rẹ̀ pé." 1,200,000 ni olówó ọkọ̀ pè é, mo san 870,000. Àsìkò tí náírà bébà ń wọ́n nìyẹn; ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́, kò sí, ni mo bá fi ránṣẹ́ láti báńkì. Aago méjì ọ̀sán la ti jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú kí àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé. Bàbá sùn nígbà náà lóòótọ́.

Iye tí ẹ bá fi rà á, ẹ ní irú rẹ̀ nílẹ̀ fún ọdún kìíní. Bíréèkì, táyà àti wáyà iná ló jẹ tèmi. Bí ẹ bá ń lọ wá pààtì ní Àràròmí, ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání, bí mo ṣe máa ń mú àjákù aṣọ lọ wá òwú tó bá a mu. Àpèjúwe ẹnu kò tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra rọ́bà tí kì í ṣe òun.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí mo gbé e dé, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Jálá 10 ni táǹkì tèmi ń gbà, nǹkan bí lítà 45. Tẹ́lẹ̀, n kì í ná tó 10,000 náírà láti fi kún un. Kò pẹ́ tó fi lé ní 22,000. Ó sì ń mu tó lítà 16 sí 18 lórí 100 kìlómítà bí inú rẹ̀ bá dùn. Sátidé nìkan ló ń jáde báyìí. Ìyá Ìbejì máa ń bá mi lọ, pẹ̀lú tìmùtìmù tirẹ̀ àti gèlè tó fi di irun nítorí eruku. Ìlẹ̀kùn ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í tì dáadáa, okùn la fi ń dè é. Bí a bá dé oko, a ó jẹ mángòrò lábẹ́ igi, a ó wo ọkọ̀, a ó padà sílé. Ọlọ́kadà ló ṣì ń kó kajú.