Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Òrùlé Asbestos Ilé Wa ní Bódìjà Àtijọ́

Páànù tuntun kọ́ ló dá mi lágara nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó káfíńtà. Òrùlé àtijọ́ tí mo yọ kúrò ni, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ, àwọn díẹ̀ tó sì gbà láti gbé e kò ní ibi gidi kan tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àdúgbò wa ní ìparí àwọn ọdún 1950, lásìkò Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wà nítòsí, nítorí náà olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Asbestos, páànù líle tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti fọ́nrán òkúta ṣe, ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà, torí òun ló lòde: iná kì í jó o, kì í dípẹtà, òjò kì í sì í pariwo lórí rẹ̀. Ilé oúnjẹ, báńkì àti ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ipò púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Tiwa ṣì dúró.

Òrùlé wa kò jò rí títí di alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì wó. Ilé wa jìnnà díẹ̀ sí ibẹ̀, síbẹ̀ gíláàsì fèrèsé fọ́, orí ilé sì sán. Nígbà tí òjò ọdún náà dé, àjà yàrá rin gbingbin.

Wíwọn ilé, ríra páànù àti yíyan àwọ̀ kò gba àlàyé. Ibi tí èmi àti ọ̀gá káfíńtà ti kọ́kọ́ fà á ni pé ó fẹ́ gbé òrùlé sókè ṣóńṣó bíi ti àwọn ilé ìsinsìnyí. Mo ní rárá, bí ilé ṣe rí ni kó ṣe wà. Inú mi dùn pé mo takú, nítorí nígbà tí wọ́n ṣí i, igi ìrókò tí wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì le koránkorán, ikán kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n páànù àlùmíníọ̀mù fẹ́lẹ́, igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ju ti asbestos lọ, ni mo bá tún lọ ra pákó sí i ní ìsọ̀ pákó Bódìjà, owó tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ìnáwó náà tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọọṣẹ́ ti gbé òòlù láti fọ́ asbestos náà, kí wọ́n máa jù ú sílẹ̀. Mo dá wọn dúró. Bí ó bá fọ́, eruku rẹ̀ tó rí bí òwú tín-ín-rín ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá káfíńtà rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, láti kékeré la ti ń fọ́ ọ, kò ṣe wá ní nǹkan kan.” A fi omi rin ín, a tú ìdè rẹ̀, a sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódidi. Ìbomú tí mo rà fún wọn, àgbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Abẹ́ igi máńgòrò ni a tò ó sí, ibẹ̀ ló sì wà tí ọ̀ràn náà fi sú mi. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò ní ìdọ̀tí ilé nìkan ni tiwọn. Ọ́fíìsì kan ní kí n kọ lẹ́tà. Èyí tí wọ́n ní kí n gbé e lọ dá mi padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹnìkan fẹ́ rà á fi bo ilé ẹlẹ́dẹ̀, mo kọ̀. Awakọ̀ tírélà kékeré kan dá iye kan; nígbà tí mo bi í pé ibo ni yóò dà á sí, ó ní, “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, Mọ́mì.” Mo mọ̀ pé odò ni, ní Ìbàdàn tí omíyalé Ògùnpa ti pa èèyàn ní 1980!

Nígbẹ̀yìn, ilé-iṣẹ́ akódọ̀tí kan gbà á, bí mo bá fi ọ̀rá nínípọn dì í ní ìlọ́po méjì, tí mo sì san owó kòtò tí wọn yóò gbẹ́ fún un ní àkìtàn ìjọba. Owó náà ju owó iṣẹ́ káfíńtà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ bá akódọ̀tí sọ̀rọ̀ kí ó tó pe káfíńtà, kí ó sì ní kí wọ́n kọ ibi tí wọn yóò kó o lọ sínú rìsíìtì.

Òrùlé náà dára, àwọn ará àdúgbò sì ń dúró wò ó. Ọ̀gá káfíńtà ní tirẹ̀ ń béèrè owó ọjọ́ tí asbestos fi gba àgbàlá tí kò fi ráyè to igi. Mo ti sọ fún un pé n kò ní san án.