Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lára àwọn ọmọ tó fẹ́ fi pókà jẹun lẹ́yìn yunifásítì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan jókòó sápá òsì mi nídìí tábìlì pókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, ní ilé tẹ́tẹ́ kan ní Maryland ní Amẹ́ríkà níbí. Ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi lórí fóònù, ló bá tẹríba lórí àga: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó." Ẹnjiníà ni, oṣù karùn-ún ló gboyè. Wọ́n ti fún un níṣẹ́, àmọ́ ó ní pókà lòun fẹ́ máa fi jẹun. Kó tó di aago mọ́kànlá alẹ́, dọ́là 1,500 ti lọ lọ́wọ́ ẹ̀. N kò lè gbà á nímọ̀ràn nídìí tábìlì, torí pé iwájú mi ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà wà. Ibí ni mo wá ń sọ ọ́ sí. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ pé fọ́ọ̀ṣì ju sítíréètì lọ, kó fi ti iṣẹ́ sílẹ̀ ná.

1. Má fi Chris Moneymaker ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 2003, akáǹtáǹtì ará Tennessee yìí fi dọ́là 86 wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ló gbé e dé ìdíje ńlá Las Vegas, tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10,000, ó sì gba dọ́là mílíọ̀nù 2.5 lọ sílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn 839 ló wọlé lọ́dún náà, ta ló ń sọ ìtàn àwọn 838 yòókù? Nígbà yẹn, agbára káká lo fi máa rí ẹni tó ka ìwé kan nípa pókà. Àwọn tó o máa bá lónìí ti fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ọ̀nà tó o lè gbà ta káàdì rẹ wò.

2. Tó o bá wà lórí OPT, àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó gboyè ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó bá ohun tó o kà mu ni òfin gbà, ọjọ́ 90 péré lo sì lè lò láìníṣẹ́; pókà kò sí nínú ẹ̀.

3. Oṣù mẹ́ta tó dùn kì í ṣe ẹ̀rí. Nídìí tábìlì gidi, bí ọwọ́ 30, ìyẹn ìpín káàdì 30, ni wọ́n ń pín ní wákàtí kan. Wákàtí 100 jẹ́ ọwọ́ 3,000, ẹni tó mọṣẹ́ dunjú ṣì lè wà nínú àdánù nígbà yẹn láìṣe àṣìṣe kankan. Éèsì méjì pàápàá, tí kò sí káàdì àkọ́pín tó ga jù ú lọ, ń pàdánù fún kíìngì méjì bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ta wákàtí 1,000, kó o kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, epo mọ́tò àti oúnjẹ pẹ̀lú, kó o tó bá mi sọ̀rọ̀ èrè. Má sì sọ fún mi pé "mi ò ka ọjọ́ yẹn, ó rẹ̀ mí ni." Ọjọ́ tó rẹ̀ ọ́ gan-an ló yẹ kó o kà.

4. Dída ojú owó pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ. Èyí ló ń ká mi lára jù, torí pé ó ti jẹ mí níyà rí.

Léèsì ni màmá mi ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Ojú owó wà nínú báàgì kan, owó ọbẹ̀ wà ní etí ìró. Ebi lè pa gbogbo ilé, Màmá kò ní fọwọ́ kan báàgì yẹn. Ojú mi báyìí ló ṣe. Mo wá dé Amẹ́ríkà, mo kàwé gboyè nínú ètò ọrọ̀ ajé, mo sì da gbogbo owó mi sínú àkáǹtì kan ṣoṣo.

Ọdún 2015 ni. Mo ní dọ́là 9,000, àjọ tí mo kó wà nínú ẹ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́, èrè wọlé wẹ́rẹ́. Mo ra bàtà. Mo ra aṣọ ẹbí òde méjì, n kò tilẹ̀ mọ ìyàwó ọ̀kan nínú wọn. Mo fowó ránṣẹ́ sílé bí ẹni tó ń gbowó oṣù. Oṣù kẹta, káàdì yí padà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, dọ́là 1,400 ló kù, owó ilé sì jẹ́ 1,100. Mo gbé 500 lọ jókòó.

Wọ́n pín kíìngì méjì fún mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti mu bíà tó pọ̀ da gbogbo owó rẹ̀ sí àárín, bó ṣe ń ṣe látàárọ̀ láìwo káàdì dáadáa. Mo mọ̀ pé mo wà níwájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe káàdì ni mò ń wò, onílé ni mò ń wò. Mo ju kíìngì méjì nù! Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí tirẹ̀ hàn: jáàkì àti ẹ́ẹ̀tì. Inú bí mi débi pé kí wákàtí kan tó pé, mo ti fi ọwọ́ ara mi pín 500 yẹn fún gbogbo tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi san owó ilé oṣù yẹn. Títí dòní, tí mo bá ti sọ̀rọ̀ jù nílé rẹ̀, á ní, "Kíìngì, jókòó."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tábìlì dọ́là 1 àti 3 (owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì), tó o bá ń gbé 300 jókòó, ìjókòó 30 jẹ́ 9,000. Ìyẹn ni ojú owó. Tí ilé, oúnjẹ àti mọ́tò bá ń gba 2,500 lóṣù, oṣù mẹ́fà jẹ́ 15,000, nínú àkáǹtì mìíràn. Tí 24,000 kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, gba iṣẹ́, máa ta pókà lópin ọ̀sẹ̀.

Owó orí ńkọ́? Ẹni tó sọ pókà di iṣẹ́ níbí máa san ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀, kí owó orí gan-an tó dé. Láti 2026, òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àdánù rẹ nìkan lo lè yọ kúrò. Jẹ 100,000, pàdánù 100,000, ìjọba á ní o jèrè 10,000. Àwọn ẹbí wa ní London kì í san owó orí lórí tẹ́tẹ́, nítorí náà má fi fídíò wọn ṣírò ayé rẹ.

Ìkẹfà, àbí ìkeje, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́: má kó owó rẹ sórí àwọn ojúlé pókà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò níwèé àṣẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ńláńlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn oníbàárà mìíràn kò rí owó wọn gbà títí di 2014.

Onílé máa béèrè ìwé owó oṣù, o ò ní í ní.

Màmá rẹ náà máa béèrè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún tèmi pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n máa ń ṣe títí di aago mẹ́rin òru, tí aṣọ ń rùn sìgá?"

Àti ìwọ ẹnjiníà apá òsì mi, bí èyí bá kàn ọ́ lójú: o sọ fún mi fúnra rẹ pé ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n ní kó o fèsì lẹ́tà iṣẹ́ yẹn. Kò tíì pẹ́ jù.