Bí Ìwádìí Yunifásítì Ṣe Ń Di Ọjà Lọ́wọ́ Iléeṣẹ́

Bí ìwádìí yín bá bí ohun tuntun tí iléeṣẹ́ lè fi ṣe ọjà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ má tíì kọ ọ́ sínú jọ́nà, ẹ má tíì gbé e lọ sí àpérò, ẹ má sì gbé e sórí Facebook. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí ayé bá ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin, kò sì sí páténtì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba pé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ lo ohun tí ẹ ṣe láìgba àṣẹ yín, fún ohun tí kò tuntun.

Ó ti ṣe àwọn àgbà rí. Stanley Cohen ti Yunifásítì Stanford àti Herbert Boyer ti Yunifásítì California ní San Francisco tẹ ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé DNA (èròjà àjogúnbá inú ohun alààyè), tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1973. Òfin Amẹ́ríkà fún wọn láyè ọdún kan. Niels Reimers, ẹni tó dá ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì Stanford sílẹ̀ (láísẹ́ǹsì ni àṣẹ tí ẹni tó ni páténtì ń fún ẹlòmíràn láti lò ó), sáré béèrè páténtì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1974, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí àyè náà pé. Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n rí mú. Ilẹ̀ òkèèrè ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá lọ bá ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí ní yunifásítì yín. Ní Nàìjíríà, NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìgbéga rẹ̀, ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì kan. Ẹ ka ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé yunifásítì ló ni ohun tí ẹ rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní èrò tirẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá tó bá yọ orúkọ ọmọ kúrò, ẹjọ́ ọjọ́ iwájú ló ń fà.

Kò sí páténtì kan tó kárí ayé. Bí ẹ bá ti béèrè nílé, ẹ ní oṣù 12 láti béèrè níbòmíràn. Bí ẹ bá gba ọ̀nà PCT, àdéhùn àgbáyé lórí bíbéèrè páténtì, ó lè tó oṣù 30. Ní Benin àti Togo, ìwé kan ṣoṣo sí OAPI, àjọ páténtì àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, ní Yaoundé kárí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ibi tí wọ́n ti máa ṣe ọjà náà tàbí tà á nìkan ni kí ẹ náwó sí.

Kí ẹ tó la gbogbo rẹ̀ fún iléeṣẹ́ kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní tú àṣírí.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni àdéhùn. Ṣé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni, àbí ẹnikẹ́ni tó bá lè san? Stanford fi ti Cohen àti Boyer sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè san, ó kéré tán $10,000 lọ́dún. Iléeṣẹ́ 468 ló gbà á, ó sì mú nǹkan bí mílíọ̀nù 255 dọ́là wọlé. Oògùn tuntun kò rí bẹ́ẹ̀: àyẹ̀wò rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó, iléeṣẹ́ kì í fẹ́ dáwọ́ lé e bí kò bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Ẹ wo Niprisan, oògùn àrùn sickle cell tí NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba l'Abuja, ṣe látinú àgbo onísègùn Yorùbá kan. Osùn, iyèré, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n fún ní láísẹ́ǹsì ní 2002. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè dé ilé ẹjọ́, iṣẹ́ sì dúró. Bí ẹ bá máa fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ báyìí gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ báyìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ láísẹ́ǹsì ń padà bọ̀ wálé. Ẹ dárúkọ ilẹ̀ tó kárí pẹ̀lú.

Ní ti owó, ẹ gba díẹ̀ ṣáájú, ẹ gba ti ọdọọdún, kí ẹ sì gba ìpín lórí iye tí wọ́n tà, kì í ṣe lórí èrè. Akọ̀wé owó tó mọṣẹ́ lè mú kí èrè pòórá. Bí iléeṣẹ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí kò lówó, ẹ lè gba ṣíà, ìyẹn ìpín nínú iléeṣẹ́ náà: èyí tí Google fún Stanford nítorí PageRank, ọ̀nà tí wọ́n fi ń to èsì ohun tí èèyàn ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, di mílíọ̀nù 336 dọ́là.

Bó bá sì jẹ́ iléeṣẹ́ Nàìjíríà ló ń gbà á lọ́wọ́ yunifásítì òkè òkun, kí ó gbé àdéhùn náà lọ forúkọ sílẹ̀ ní NOTAP láàárín ọjọ́ 60. Láìsí ìwé-ẹ̀rí yẹn, báńkì kò lè fi owó náà ránṣẹ́ síta.