Ìwé tí mo tò kí X-ray tó kúrò ní Garki lọ sí Íńdíà

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Garki, l'Ábújà, fẹ́ máa fi àwòrán X-ray àti CT ránṣẹ́ sí àwọn dókítà tó ń bá wọn kà á ní Íńdíà. Èmi ni wọ́n ní kí n to ìwé rẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ò ní kí dátà má kọjá ẹnubodè. Ohun tí abala 41 ń bi ọ́ ni pé: kí lo dúró lé tí o fi ń gbé e jáde, ibo lo sì kọ ọ́ sí?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwòrán ń gbà jáde. Mẹ́ta ni mo bá. Ojú òpó ilé iṣẹ́ Íńdíà, ẹ̀dà ìpamọ́ tó ń lọ sórí server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) ní Ireland lóròòru, àti WhatsApp, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń bẹ dókítà pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa tètè wò ó." Ti WhatsApp la kọ́kọ́ dí.

Fáìlì DICOM, irú fáìlì tí ẹ̀rọ X-ray àti CT ń kó àwòrán sí, kì í ṣe àwòrán lásán. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà káàdì aláìsàn wà níkùn rẹ̀. A fi kóòdù rọ́pò wọn kó tó jáde. Ìwé tó so kóòdù mọ́ orúkọ ò kúrò l'Ábújà. Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ ni orúkọ tó ti tẹ̀ mọ́ àwòrán gan-an: pípa ohun tó wà níkùn fáìlì rẹ́ ò kan ìyẹn, àfi kí o bò ó lọ́tọ̀.

Ìyọ̀ǹda aláìsàn, tó wà ní abala 43, ni gbogbo èèyàn máa ń sáré mú. Mi ò mú un. O gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún un, ó sì lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí mọ́tò gbá, tó ń jẹ̀rora, irú ìyọ̀ǹda wo lẹ fẹ́ gbà lẹ́nu rẹ̀? Àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Íńdíà ni mo lò: wọn ò ní fi àwòrán ṣe nǹkan mìíràn, wọn á pa á rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30, wọn á dárúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún, tí nǹkan bá sì jò, wọn á sọ fún wa láàárín wákàtí 24. Wákàtí 72 péré làwa náà ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà ní Nàìjíríà, létí bí jíjò náà bá lè kó èèyàn sí wàhálà.

Àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ju ojú ìwé kan lọ: irú dátà, ẹni tó ń gbà á, orílẹ̀-èdè, ohun tí a dúró lé, ìdí tí ààbò ibẹ̀ fi tó. Kí o kàn kọ pé "orílẹ̀-èdè náà ní òfin" ò tó fún abala 42. Ó ń wò ó bóyá aláìsàn lè fi òfin náà gbèjà ara rẹ̀, àti bóyá àjọ kan wà tó lè mú un ṣẹ. Mo ti kọ Íńdíà tán kí n tó béèrè ibi tí server wọn wà. Singapore ni. Ìlà kẹta nìyẹn nínú àkọsílẹ̀, lẹ́yìn Íńdíà àti Ireland, òun náà sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tirẹ̀.