Bí o ṣe máa tẹ̀lé mínísítà lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ kan

Ìgbà tí irú ẹ̀ máa ń pọ̀ jù ni October, torí ọjọ́ 11 oṣù yẹn ni Ọjọ́ Ọmọbìnrin Lágbàáyé, táwọn ẹgbẹ́ bíi Plan International máa ń mú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lọ jókòó sípò àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí October bá dé, ìwọ náà lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ mínísítà ní Abuja fúnra ẹ. Ojú ìwé kan ti tó. Tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, fi ọ̀kan sílẹ̀ ní réjísírì, níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, kí wọ́n lu sítáǹbù mọ́ ìkejì fún ẹ, torí tí wọ́n bá ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, sítáǹbù yẹn ló máa gbẹnu sọ fún ẹ. Ímeèlì ò burú o, bébà ni tèmi. Bi P.A., ìyẹn olùrànlọ́wọ́ mínísítà, léèrè ọjọ́ tí kò sí ìpàdé FEC, ìyẹn ìgbìmọ̀ Ààrẹ àtàwọn mínísítà, Ààrẹ ló ń darí ìyẹn, wọn ò ní mú ẹ wọ̀ ọ́.

Aṣọ, má lọ yá kóòtù ẹni ẹlẹ́ni, àǹkárá tí wọ́n rán dáadáa ti tó. Bàtà pẹlẹbẹ ni kó o wọ̀. Jẹun kó o tó jáde, jẹ ẹ́ yó.

Ibi tó ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ rèé: fóònù. Mo ti rí ọmọ kan tó ya sẹ́fíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọ̀gá, ó gbé e sórí status, àṣé fáìlì hàn gbangba lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn kan nínú fáìlì yẹn, àṣírí ìjọba ni, látọdún 1962 ni òfin Official Secrets Act ti wà nílẹ̀, kì í ṣe eré rárá. Kó o kàn pa fóònù ò tó, gbé e fún P.A. pátápátá. Ìwé ni kó o máa fi kọ nǹkan sílẹ̀ dípò fóònù, èyíkéyìí tó o bá rí rà lọ́jà ṣáà dáa, pẹ̀lú bírò méjì. Fọ́tò ńkọ́? Ọ́fíìsì ní ẹni tó ń yà á, wá bèèrè nírọ̀lẹ́.

Èkejì, àlejò. Jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri, má jókòó sídìí tábìlì. Tí àlejò bá wọlé, wo ojú P.A., tó bá ti mirí sí ẹnu ọ̀nà, dìde kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Má sì fa CV ẹ̀gbọ́n ẹ yọ o, jọ̀ọ́! Honourable Minister ni kó o máa pè é, kódà tó bá jẹ́ ará ìlú yín, kì í ṣe Dádì.

Tọrọ wákàtí kan lọ́dọ̀ permanent secretary náà, òun ni accounting officer, ìyẹn ẹni tó ń jíhìn owó ilé iṣẹ́ náà, mínísítà lè lọ lọ́la kí fáìlì ṣì wà lọ́wọ́ permanent secretary.

Ìbéèrè ẹ, inú ọkọ̀ ló dáa jù, tí wọ́n bá jẹ́ kó o wọ̀ ọ́. Tí ọ̀gá bá ti sùn lọ, dírẹ́bà ni kó o bi, òun náà mọ nǹkan.